Ká Kun Ìlù Ẹ̀rínọlá, àbí Ká Fi Í Sílẹ̀?

Ajégúnlẹ̀, Àpápá
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2025

Morádéún, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Ṣínà ọkọ rẹ, mo sì kí Bright, ọmọ-ọmọ mi. Ṣé òtútù ti ń dẹwọ́ ní Hull? Ní tiwa níbí, ooru ni. Lánàá mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà lọ́rùn mi, ni Regina tó ń gbé yàrá kejì bá ní, "Papa, dis heat go cook person o." Mo ní kó yáa wá bu iyọ̀ àti ata sí mi lára. Ó rẹ́rìn-ín títí.

Mo mọ̀ pé a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní Sunday. Ṣùgbọ́n o mọ àdéhùn wa. Láti ìgbà tí màmá rẹ ti lọ, tí a bá ti dá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù, ẹkún ni. Èmi á sunkún, ìwọ náà á sunkún, kò sẹ́ni tó máa rí ọ̀rọ̀ gidi sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ọn, ká máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ọlọ́run bá mi kẹ́ Martins, tó ń bá àwọn ènìyàn gba ẹrù jáde ní èbúté. Ọ́fíìsì rẹ̀ ní Warehouse Road ń kó ìwé ọjà ránṣẹ́ sí England lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, tèmi sì máa ń bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Mo fẹ́ tún ìlù jáàsì màmá rẹ ṣe. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbi tó fi wọ́n sí ní pálọ̀: èyí ńlá tó ń fi ẹsẹ̀ lù, àwọn kékeré méjì tó jókòó lé e lórí, àti èyí tó máa ń dún ṣáṣáṣá níwájú rẹ̀. Fáníṣì àwọ̀ ewé tó wà lára wọn ti ṣá, ó ti ń pọ́n bí ewé tó fẹ́ já bọ́. Ibòmíràn ti bó. Bí èmi tí mo ti ń ṣe kápẹ́ńtà láti ọdún méjìléláàádọ́ta bá lè máa wo nǹkan báyìí nínú ilé ara mi, ojú ń tì mí.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹfà ni màmá rẹ ì bá pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin. Mo fẹ́ kí àwọn ìlù náà máa dán lọ́jọ́ yẹn. N kò sì fẹ́ sún un síwájú, torí ojú mi ọ̀tún kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, bí ẹni pé èéfín bo gbogbo ilé. Má bẹ̀rù, ti òsì ṣì ń ṣiṣẹ́.

Mo ti ra sáńpépà, mo ti ra tínà tí a fi ń po fáníṣì. Ohun tí mo fẹ́ kí o sọ fún mi ni àwọ̀. Búlúù ni, àbí àwọ̀ wáìnì? Ìwọ lo mọ ohun tó máa ń wù ú láti wọ̀. Tètè dá mi lóhùn.

Bàbá rẹ,
Dáhùnsí


Hull
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, 2025

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, sà. Ṣínà àti Bright ní kí n kí yín. Eyín iwájú Bright kan ti yọ, ó ní kí n sọ fún yín pé òun kò sunkún. Irọ́ ni, ó sunkún.

Kí ni ẹ ń sọ nípa ojú yín? Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi ní Sunday? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Regina mú yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú.

Bàbá, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kan àwọn ìlù yẹn. Mo mọ̀ pé ó ti wù yín láti ṣe é, àmọ́ ẹ gbọ́ tèmi ná. Ní ọdún tó kọjá, mo mú fọ́tò wọn lọ bá bàbá àgbà kan níbí tó ń tún ìlù àtijọ́ ṣe. Ó wo fọ́tò náà pẹ́. Ó bi mí pé ṣé ẹnikẹ́ni ti tún un kùn rí. Nígbà tí mo ní rárá, ṣe ló rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ó ní fáníṣì àkọ́kọ́ tí wọ́n bá ti ha kúrò lára irú ìlù bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá a padà láyé yìí. Ó ní kí a máa fi aṣọ gbígbẹ nù ún nìkan, kí a fi gbogbo àpá ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí tirẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Etí ìlù tó ń dún ṣáṣá yẹn, ṣé ẹ rántí ibì kan tó ti di funfun? Òrùka Màmá ló jẹ ẹ́, torí kì í bọ́ ọ tó bá fẹ́ lù ú. Lára ìlù kékeré apá òsì, àwọn ilà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀. Igi ìlù Màmá ló fà wọ́n, nígbà tó bá ti yára ju bó ṣe yẹ lọ. Mo máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, mo máa ń ka àwọn ilà yẹn. Mọ́kànlá ni.

Orúkọ tí wọ́n sì fi àwọ̀ wúrà kọ síwájú ìlù ńlá ńkọ́, BRIGHT? Mo mọ̀ pé Màmá kì í fẹ́ kí wọ́n máa wo òun, ìdí tó fi máa ń fi aṣọ ìró bo orúkọ náà nìyẹn. Àmọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè é nígbà tó ń lùlù ní hòtẹ́ẹ̀lì ni. Ìgbà tí mo bí ọmọ mi, kò sí orúkọ mìíràn tó wá sí mi lọ́kàn. Ṣé ẹ fẹ́ kí Bright dé ilé, kó wá bá ìlù aláwọ̀ wáìnì tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ yín,
Morádéún


Ajégúnlẹ̀
Ogúnjọ́, oṣù Kẹrin, 2025

Morádéún, ọmọ mi,

A kú ọdún Àjíǹde. Mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì báyìí ni mo mú bírò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mo kọ̀wé sí ọ nípa àwọ̀, n kò rí èsì. Mo lọ bá Martins ní ọ́fíìsì. Ó ní àpò ìwé wọn kan há sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé e, wọ́n ṣì ń wá a. Nítorí náà mi ò mọ̀ bóyá o kọ, mi ò sì mọ̀ bóyá o kò kọ. Ní Sunday tó kọjá mo fẹ́ bi ọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ dùn, o ń sọ ti eyín Bright, n kò fẹ́ bà á jẹ́.

Mo ti bẹ̀rẹ̀. Ojú yìí kò gbà kí n máa dúró. Àwọn kékeré méjì tó wà lókè ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo tú gbogbo irin ara wọn, mo kó wọn sínú abọ́ kí ọ̀kankan má sọnù. Mo wá fi sáńpépà ha wọ́n díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, torí n kò jẹ́ fi ẹ̀rọ sí ohun màmá rẹ.

Morádéún, igi abẹ́ rẹ̀! Gbogbo ọdún tí mo ti ń wo nǹkan náà, n kò mọ̀ pé irú igi bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó funfun, ó mọ́, ìlà ara rẹ̀ ń lọ yíká bí omi. Mo kàn ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á lára. Regina wọlé, ó ní, "Papa, you dey smile alone." Mo ní kó jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín mi.

Mo máa dúró di ìparí oṣù yìí. Bí n kò bá rí lẹ́tà rẹ, àwọ̀ wáìnì ni màá lò. Mo rò pé ó máa wù ú.

Àwọn tírélà tún ti tò dé ẹ̀yìn ọ̀nà wa láti èbúté Tin Can, kò sí àyè láti rìn. Bá mi kí Ṣínà.

Bàbá rẹ,
Dáhùnsí


Hull
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 2025

Bàbá,

Lẹ́tà yín dé lánàá. Mo ka ibi tí ẹ ti ní ẹ ti ha méjì, mo sì jókòó sórí ilẹ̀ ní kíṣíìnì. Ṣínà rò pé ẹnì kan kú.

Mo kọ̀wé sí yín ní oṣù Kẹta. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Mo kọ gbogbo ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí lẹ́tà náà báyìí, ẹ ó rí i. Mo bínú sí ara mi pé mo tẹ̀ lé àdéhùn ìwé kíkọ yẹn. Ǹ bá ti pè yín, ká jọ sunkún, kí gbogbo rẹ̀ parí.

Àwọn ilà mọ́kànlá tí mo máa ń kà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ ti ha wọ́n dànù. N kò rí ọwọ́ Màmá mọ́ níbikíbi láyé yìí àfi níbẹ̀.

Bàbá, fún ogójì ọdún ẹ kò fọwọ́ kan ìlù yẹn. Ẹ ń fi fáníṣì pa tábìlì àwọn ẹlòmíràn, ẹ kò ráyè tirẹ̀. Ìgbà tí kò sí ńbẹ̀ mọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ẹ wá ráyè.

Ẹ má fọwọ́ kan èyí tó kù.

Morádéún


Hull
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹfà, 2025

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, sà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́.

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí Martins sọ fún mi pé ẹ ti gba lẹ́tà mi, àti pé èyí tó sọnù ní oṣù Kẹta náà ti dé ọwọ́ yín. Ẹ kò kọ nǹkan kan. Tí mo bá pè ní Sunday, ẹ máa ń ní, "Ara le, a dúpẹ́," ẹ sì ti gbé fóònù fún Regina. Ní Sunday tó kọjá, mo bi Regina pé kí ni ẹ ń ṣe. Ó ní, "Papa just siddon dey look dat drum. He no touch am, he no cover am."

Ìbínú ló mú mi kọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ kì í kọ irú rẹ̀ sí bàbá rẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n lára ní ọjọ́ kejì, àmọ́ mo ti fi ránṣẹ́, mo sì ń retí pé kó sọnù bíi ti àkọ́kọ́. Kò sọnù.

Àná ni ọjọ́ ìbí Màmá. Mo se ìrẹsì aláta bó ṣe máa ń sè é, ó jóná nísàlẹ̀ bí tirẹ̀. Bright jẹ ẹ́ tán, ó bi mí pé, "Kí ni Grandma fẹ́ràn?" Mo ṣí ẹnu láti dáhùn, mo wá rí i pé ohun tí mo mọ̀ kò pọ̀ tó. Mo mọ ìlù rẹ̀, mo mọ oúnjẹ rẹ̀. N kò mọ ohun tó ń dùn ún. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n.

Ẹ dá mi lóhùn, Bàbá. Kódà tó bá jẹ́ èébú ni.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Morádéún


Ajégúnlẹ̀
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà, 2025

Morádéún mi,

Dìde nílẹ̀. N kò bínú sí ọ. Òótọ́ tí o kọ ló mú mi dákẹ́.

O ní ogójì ọdún, mi ò ráyè tirẹ̀. Bí o bá mú ọ̀bẹ, o kì bá tí rí ibi tó péye jù bẹ́ẹ̀ lọ gún mi. Nítorí pé ó bẹ̀ mí, Morádéún. Màmá rẹ bẹ̀ mí pé kí n tún ìlù yẹn kùn, láti ọdún tí a bí ọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ó hàn nínú lẹ́tà rẹ ti oṣù Kẹta pé o kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀bi sì ni tèmi.

Bàbá màmá rẹ ń ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù Àpápá. Òun ló fi owó iṣẹ́ rẹ̀ gba ìlù náà lọ́wọ́ atukọ̀ òkun kan tó ń padà sílé, tí kò fẹ́ gbé e lọ mọ́. Ẹ̀rínọlá jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà. Ó kọ́ ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Nígbà tí mo fẹ́ ẹ, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ olórin kan tó ń ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Àpápá. Ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ náà ló ń jẹ́ Bright.

O kà á dáadáa. Ọkùnrin náà ló ń jẹ́ Bright. Kò sẹ́ni tó pe màmá rẹ bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ kan ó dé ibi iṣẹ́, ó bá orúkọ ọkùnrin yìí lára ìlù rẹ̀, lẹ́tà wúrà gàdàgbà. Wọn kò bi í léèrè. Ó ní òun kò fẹ́. Ọ̀gá náà ní báyìí ni ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe é. Ó fara dà á nítorí iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn nínú. Nígbà tí oyún rẹ wá yọ, ọkùnrin náà ní àwọn tó ń wá mu ọtí kò fẹ́ rí aboyún nídìí ìlù. Ó ní kó máa lọ sílé. Ó sì ní kó fi ìlù sílẹ̀.

Mo bá a lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú àwọn ará wọ́ọ̀fù méjì àti ọmọlàńkẹ́ kan. Bright dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó nawọ́ sí ìlù ńlá, ó ní, "Orúkọ ta lẹ rí lára ẹ̀?"

Èmi tí mo ní ariwo lẹ́nu, ọmọlàńkẹ́ ni mo dì mú. Màmá rẹ ló dá a lóhùn. Ó ní, "Orúkọ rẹ ló wà lára ẹ̀. Òógùn bàbá mi ló wà nínú ẹ̀. Ẹ gbé e." A sì gbé e.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí a tó dé ilé, ó sọ fún mi lójú ọ̀nà pé, "Bàbá ọmọ mi, ẹ bá mi pa orúkọ ọkùnrin yìí rẹ́." Mo ní, "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Oṣù kan lẹ́yìn náà, ó bi mí. Mo ní iṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní Warehouse Road wà lọ́wọ́ mi. A bí ọ. Ó tún bi mí. Nígbà tó yá, ó lọ mú ìró àtijọ́ kan, ó fi bò ó. Ohun tí o rò pé ìtìjú ni, kì í ṣe ìtìjú. Kò fẹ́ máa rí ọkùnrin yẹn nínú ilé rẹ̀ ni.

Wo iye tábìlì tí mo ti fi fáníṣì pa ní Àpápá! Iye ilẹ̀kùn! Mo máa ń sọ fún ara mi pé ti ilé kì í sá lọ.

Nígbà tí o bí ọmọ, tí màmá rẹ wà lọ́dọ̀ yín ní Hull fún ìtọ́jú rẹ, ẹ fi fídíò ìsọmọlórúkọ ránṣẹ́ sí mi. Mo gbọ́ Bright. Mo pa fóònù, mo lọ dúró sẹ́yìnkùlé. Mo ní, kí ni màá sọ? O ń rẹ́rìn-ín nínú fídíò yẹn. Ṣé kí n pè ọ́ kí n ní orúkọ ẹni tó lé ìyá rẹ kúrò níbi iṣẹ́ nítorí rẹ lo fún ọmọ rẹ? Mo gbé e mì. Màmá rẹ padà dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ká ìró yẹn kúrò lára ìlù, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e sínú àpótí. Láti ọjọ́ yẹn títí tó fi kú, kò tún bẹ̀ mí mọ́.

Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ mi ti sú u. Ó ti rí i pé n kò ní ṣe é.

Nítorí náà ni mo ṣe mú sáńpépà. Mo fẹ́ ṣe é kí ojú mi tó lọ tán, kí n lè sọ fún un lójú oorun mi pé mo ti ṣe é. Èyí ńlá tó ní orúkọ náà ni mo fi sí ìkẹyìn, torí mo fẹ́ kí ọwọ́ mi ti gbóná dáadáa nígbà tí mo bá dé ibẹ̀. Kí n tó dé ibẹ̀ ni lẹ́tà rẹ dé.

Èwo ni kí n ṣe báyìí? Ìyá ní kí n pa á rẹ́, ọmọ ní kí n fi í sílẹ̀. Mo jókòó síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́, n kò mọ̀ ọ́n.

Forí jì mí nítorí àwọn ilà mọ́kànlá yẹn. N kò mọ̀ pé ẹnì kan ń kà wọ́n.

Bàbá rẹ,
Dáhùnsí


Hull
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Keje, 2025

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìfaradà. Mo ka lẹ́tà yín nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀, títí wọ́n fi ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà. Mo ń bú ọkùnrin yẹn lójú ọ̀nà. Mo dé ilé, Bright ṣí ilẹ̀kùn fún mi, n kò lè pe orúkọ rẹ̀. "Ọmọ mi" ni mo ń pè é fún ọjọ́ méjì, títí tó fi bi mí bóyá òun ti ṣẹ̀ mí.

Lálẹ́ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ fara balẹ̀ kà á, Bàbá, torí ẹ̀yin náà kò mọ èyí.

Lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ lórúkọ, nígbà tí pásítọ̀ pe Bright, Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti jókòó. Gbogbo èèyàn rò pé ayọ̀ ni, èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ó ń wẹ ọmọ nínú abọ́ ìwẹ̀ ní kíṣíìnì. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó ń bu omi sí i lẹ́yìn, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bright. Bright mi. O ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Tìẹ ló ti dà. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, mi ò tiẹ̀ rántí ojú ẹ̀ mọ́." Ó wá fi imú sí ọmọ nínú, ọmọ rẹ́rìn-ín.

Mo rò pé ara rẹ̀ ló ní lọ́kàn, pé orúkọ òun ló ti fún ọmọ. Inú mi dùn, mo lọ. Ọdún méje rèé, n kò mọ ohun tí mo gbọ́.

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín kò sú u. Ìbínú rẹ̀ ló ti tán. Ìdí tó fi ká ìró yẹn kúrò nìyẹn. Orúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló ń wò ní gbogbo ọ̀sán Sátidé láti ìgbà náà, kì í ṣe ti ọkùnrin yẹn. Ó yẹ kó sọ fún yín. Bóyá ó rò pé ẹ ti mọ̀. Bóyá ó kàn fẹ́ kí ẹ̀bi náà máa dà yín láàmú díẹ̀, nítorí "lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" yín. Ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Nípa tèmi, mo ti ń fi ara mi ṣe onídàájọ́ lórí ohun tí n kò mọ ìtàn rẹ̀. Mo ní fáníṣì àkọ́kọ́, fáníṣì àkọ́kọ́, bí ẹni pé èmi ni mo ni ín. N kò tún ní sọ pé kí ẹ ṣe tàbí kí ẹ má ṣe. Ohun tí mo rò nìkan ni màá sọ. Àwọn méjì tí ẹ ti ha, ẹ má kùn wọ́n ní wáìnì, ẹ má kùn wọ́n ní búlúù. Ẹ ní igi náà ń lọ yíká bí omi. Ẹ jẹ́ kí èèyàn máa rí i. Ẹ fi fáníṣì tí kò ní àwọ̀ pa á, bí ẹ ṣe máa ń ṣe ilẹ̀kùn àwọn ọlọ́rọ̀ Àpápá. Kí ọwọ́ tiyín náà wà lára ìlù rẹ̀. Èyí ńlá àti èyí tó ń dún ṣáṣá, ẹ̀yin ni kí ẹ pinnu.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, Bàbá. N kò bẹ̀bẹ̀ lórí ìyẹn o.

Ọmọ yín,
Morádéún


Ajégúnlẹ̀
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ, 2025

Morádéún, ọmọ Ẹ̀rínọlá,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo ní kí Martins kà á fún mi ní ọ́fíìsì, nítorí mo fẹ́ gbọ́ ọ létí. Nígbà tó dé ibi tí màmá rẹ ti ń wẹ ọmọ, Martins nu ojú. Ó ní èéfín tírélà ló kó sí òun lójú. Fèrèsé wà ní títì.

Ẹ̀rínọlá! Ọdún márùn-ún gbáko ló fi wò mí níran bí mo ṣe ń yẹra fún ìlù yẹn, tí mo ń gba ẹ̀yìn àga kọjá kí n má bàa fojú kàn án, kò sì sọ nǹkan kan. Ó dá mi lójú pé ó ń rẹ́rìn-ín mi nínú. Mo bínú sí i fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn náà, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Mo ti parí àwọn méjì. Fáníṣì tí kò ní àwọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pa á, mo ń jẹ́ kó gbẹ dáadáa láàárín. Èyí ńlá, mo gbé ọwọ́ mi lé e, mo rò ó, mo sì fi aṣọ gbígbẹ nù ún bí bàbá ìlù ti Hull ṣe wí. N kò fọwọ́ kan orúkọ Bright. Èyí tó ń dún ṣáṣá náà, bó ṣe wà ló wà. Wọn ò bára mu mọ́. Méjì dán, méjì gbó. Ẹni tó bá wọlé á rò pé a rà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Regina ti mú mi lọ síbi ojú. Wọ́n ní wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ díẹ̀ fún mi ní oṣù Kẹwàá. Kò ní pẹ́, kò sì ní dùn mí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wí. Má tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lánàá tí mo fẹ́ kí o gbọ́. Ọ̀sán Sátidé ni. Mo to àwọn irin padà, mo mú ìlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí àyè wọn, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá mo to wọ́n dáadáa. Mo jókòó sórí ìjókòó rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo fi fẹ́ màmá rẹ, n kò jókòó síbẹ̀ rí. Ó rẹlẹ̀ jù fún mi, orúnkún mi ga bí ti tata. Mo mú igi rẹ̀ méjèèjì, mo lu ọ̀kan nínú èyí tí mo tún ṣe. Ó dún ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹ̀rù bà mí.

Regina já wọlé pẹ̀lú ìgbakọ lọ́wọ́. "Papa! Wetin fall?"

Mo ní, "Kò sí nǹkan tó ṣubú. Èmi ni."

Ó wò mí, ó wo igi tó wà lọ́wọ́ mi. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó gbé ìgbakọ sórí itan. Ó ní, "Oya na."

Mo tún lù ú. Mo fi ẹsẹ̀ sí èyí ńlá, ó jáde ṣáájú àsìkò. Mo gbìyànjú láti rántí bó ṣe máa ń ṣe é, ọwọ́ mi kò gbọ́ ohun tí etí mi ń rántí. Àwọn èèyàn ìta yọjú wò mí, wọ́n sì tún bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Mo lù ú títí èjìká fi ń ro mí. Kò dára rárá, Morádéún. Kò sẹ́ni tó ní kí n dákẹ́.

Bàbá rẹ,
Dáhùnsí